Àgékù Pákó Pósí

Ọ̀gá tó kọ́ Akínwándé níṣẹ́ káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá fẹ́ bá ọmọ iṣẹ́ wí, á gbé òòlù kalẹ̀, á máa wo ọmọ náà títí ojú á fi tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀: "Àgékù pákó pósí kì í sun ṣọ́ọ̀bù." Bí a bá kan pósí tán, ohun yòówù tó bá ṣẹ́kù lára pákó náà, ìbáà má ju ìka ọwọ́ lọ, àwọn ọlọ́fọ̀ ló ni ín. Wọ́n lè fi dáná lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n lè kó o sí kòtò. Pákó òkú, ti òkú ni.

Àádọ́ta ọdún ni Akínwándé fi pa òfin yìí mọ́ ní Ìgbàrà-Odò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rú u. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó.

Ìgbà tí Ìyá Kọ́ládé kú ni.

Ìyá yìí kì í ṣe ìbátan Akínwándé, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ. Nígbà tí Akínwándé ń kọ́ṣẹ́, wọn kì í se oúnjẹ àárọ̀ nílé ọ̀gá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Kọ́ládé ló máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, obìnrin náà á sì na iṣu sísun sí i láti ojú fèrèsé. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kejì, Bọ́dúndé, ẹ̀yìn Akínwándé ni ọmọ náà máa ń sùn sí bí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko kòkó. Ìdí nìyẹn tí Bọ́dúndé, tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó sì ti di asọ́gbó ìjọba, fi ń pe Akínwándé ní Bọ̀dá Akin nígbà tí gbogbo ìlú ń pè é ní Bàbá Káfíńtà.

Nígbà tí ìyá kú, Kọ́ládé, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Èkó, ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní òun ń gbé pósí bọ̀ láti Èkó, pósí onídígí, èyí tí irin ara rẹ̀ ń tàn bíi wúrà. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìgbàrà rí nǹkan," ló wí lórí fóònù. Wọ́n gbọ́. Ìròyìn pósí onídígí dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọjà, ó dé ìdí ọ̀kadà. Nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta, Kọ́ládé tún pè. Ó ní ọ̀rọ̀ kò rí bí òun ṣe rò ó mọ́, kí àbúrò òun wá nǹkan ṣe.

Bọ́dúndé wá nǹkan ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan já pákó mẹ́fà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Akínwándé. Pákó àpá.

Akínwándé fi ọwọ́ ra á. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti rí àpá tó fẹ̀ tó báyìí. Igi tí ikán ń rí tó ń yà fún ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e mọ́ nínú igbó ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ni. Ó rí àmì lórí ìdí ọ̀kan nínú àwọn pákó náà. Òòlù ìjọba ló lù ú. Asọ́gbó kọ̀ọ̀kan ló ní òòlù tirẹ̀, nọ́ńbà sì wà lójú irin rẹ̀. Gédú tí asọ́gbó bá yẹ̀ wò, tó bá ní kó kọjá, á fi òòlù yìí lu ìdí rẹ̀, nọ́ńbà náà á wọnú igi, kò sì ní parẹ́ mọ́. Èyí tí Akínwándé rí hàn kedere. Mẹ́tàdínlógójì. Nọ́ńbà Bọ́dúndé ni.

Ó wo àmì náà. Ó wo Bọ́dúndé. Ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ṣé ó tó?" ni Bọ́dúndé bi í.

"Ó tó."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi arère sin màmá mi, Bọ̀dá Akin. Arère! Ikán á ti jẹ ẹ́ tán kí á tó ṣe ogójì ọjọ́."

"Mo ní ó tó."

Kò bi í léèrè ibi tí pákó ti wá. Ẹni tó bá béèrè, ó fẹ́ gbọ́ ni. Akínwándé kò fẹ́ gbọ́.

Ó gé ìdí pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò nítorí pé ó ti sán. Ó fá a. Ó kàn án. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé pósí náà, gbogbo wọn ló ń làágùn. Àwọn èèyàn ní àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Kọ́ládé dé láti Èkó nínú aṣọ tó ń dán. Ó dúró ti pósí náà, ó ń fi ọwọ́ gbá a, ó ń dá àwọn tó ń yìn ín lóhùn bí ẹni pé òun ló rà á.

Akínwándé kó àgékù pákó náà fún Folúkẹ́, ìyàwó Bọ́dúndé, pé kó fi dáná. Ó kó gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan. Èyí gùn tó apá, ó nípọn, ó gbẹ, kò sán bíi ti àwọn yòókù. Ara rẹ̀ ni àmì òòlù náà wà. Ìfági tí Akínwándé fi ń fá pákó sì ti là láti ọjọ́ pípẹ́, okùn ló fi ń dì í. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, tó bá rí àgékù yìí, á mọ̀ pé ara ìfági gan-an ni. Ó dì í mú títí. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun á dá a padà lọ́la.

Lọ́la, wọ́n ti sin òkú.

Kò sì fi ṣe ìfági. Ìgbàkígbà tó bá gbé e sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè mú ayùn. Á tún gbé e padà. Oṣù méje ló fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí àmì mẹ́tàdínlógójì rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n mú Moses. Moses ni ọlọ́gédú tí gbogbo agbègbè náà mọ̀. Wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà Ìkéré: arère lókè, àpá nísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè, ó ti ń ka orúkọ èèyàn sílẹ̀. Orúkọ Bọ́dúndé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá asọ́gbó náà kú, ó fi òòlù lu gédú àpá òun kó lè kọjá, òun sì fún un ní pákó mẹ́fà lára rẹ̀. Bọ́dúndé ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wá di ti olè pẹ̀lú asọ́gbó. Adájọ́ kan kò sì ní fi ọ̀rọ̀ Moses nìkan ju èèyàn sẹ́wọ̀n.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Akínwándé. Tọ́lá Ọ̀ṣuntókun lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń wádìí ẹjọ́ rìbá fún ìjọba. Kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Akínwándé dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kan pósí Ìyá Kọ́ládé."

"Èmi ni."

"Wọ́n ní ó dára."

"Ó dára."

"Pákó wo lẹ fi kàn án?"

Akínwándé ń fi sáńpépà ra ẹsẹ̀ àga kan. Kò gbójú sókè. "Pákó ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá, mo mọ̀ pé pákó ni. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹ̀kọ kan pósí."

Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Akínwándé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti darúgbó, òun kì í rántí gbogbo pákó tó bá gba ọwọ́ òun kọjá.

Obìnrin náà dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà òun. Ó fẹ́ fi igi ha á kúrò. Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fa igi tó kọ́kọ́ bà á lọ́wọ́. Igi náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó yí i, ó wo ìdí rẹ̀.

Ọ̀kadà kan kọjá níta.

"Mẹ́tàdínlógójì," ni obìnrin náà wí. Ó yíjú sí Akínwándé. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Ìfági."

Ó jọ pé kò retí ìdáhùn yẹn. Ó padà wá jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó gbé igi náà lé itan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní igi yìí nìkan kò lè sọ̀rọ̀ ní kóòtù, ẹnìkan ní láti sọ ibi tó ti wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, ọ̀nà kan ló kù. Pákó yòókù wà nínú ilẹ̀ níwájú ilé Bọ́dúndé. Òun á tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n hú u.

"Kí wọ́n hú kí ni?"

"Pósí náà, bàbá."

"Ìyá wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀." Obìnrin náà ń wolẹ̀. "Ìyá tèmi náà wà nílẹ̀ ní Àgbàdo. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ìwé náà sílẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, màá fún adájọ́."

Ó gbé àgékù náà lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú kóòtù, Bọ́dúndé àti Kọ́ládé wá bá Akínwándé nílé lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ti gba béèlì Bọ́dúndé, wọ́n sì ti gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù. Kọ́ládé ló ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Káfíńtà, lọ́yà wa ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ máa ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la gédú ní Ìkéré lẹ ti ra àgékù yẹn. Ó tán. Ta ló máa já yín?"

"Mi ò rà á."

"A mọ̀ pé ẹ ò rà á! A ní kí ẹ sọ pé ẹ rà á ni."

"Wọ́n á hú ìyá yín."

"Wọn ò lè hú u. Lọ́yà ní wọ́n kàn ń fi dẹ́rù bà yín ni."

"Bí lọ́yà bá ṣì í ńkọ́?"

Kọ́ládé fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ẹ̀yin ará Ìgbàrà yìí! Ṣé òkú ló ṣe pàtàkì ni àbí alààyè? Àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ jù sẹ́wọ̀n yìí o."

"Ìgbà tí pósí onídígí ń bọ̀ láti Èkó," ni Akínwándé wí, "òkú ló ṣe pàtàkì."

Kọ́ládé dìde. Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Bọ́dúndé kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ulé, Èkìtì tí wọ́n jọ ń sọ, ló fi sọ ọ́, kì í ṣe ti ọ́fíìsì.

"Bọ̀dá Akin, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gba ugi náà. Tìtorí màmá ni."

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣọ́ ugbó yẹn. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ yẹn nìkan."

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa wá lọ sọ ọ́?"

"Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Bí o bá jẹ́wọ́, wọn ò ní pè mí. Wọn ò sì ní fọwọ́ kan ìyá rẹ."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, owó ìfẹ̀yìntì mi lọ nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ló wà níléèwé. Kí ni Folúkẹ́ fẹ́ fi bọ́ wọn?"

Akínwándé kò mọ ohun tí Folúkẹ́ á fi bọ́ wọn.

Bọ́dúndé dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Àgékù pákó pósí kì í sun ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mò ń fi àgékù ṣeré nídìí tábìlì yín. Ẹ gba àgékù kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ẹ ní ti òkú ni. Mo sunkún. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Ká ní ẹ dá a padà ni, Folúkẹ́ ìbá ti fi dáná. Kì bá sí ẹjọ́ kankan. Moses kọ́ ló mú mi, Bọ̀dá Akin. Ẹ̀yin ni."

Ó lọ. Akínwándé kò pè é padà.

Lọ́jọ́ kóòtù, takisí kan ṣoṣo ló ń lọ sí Ìkéré láàárọ̀. Akínwándé wọlé, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ Folúkẹ́ ni àyè kù sí. Obìnrin náà gbé kúlà oúnjẹ lé itan. Wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Ìkéré, orúnkún kan orúnkún. Ẹnìkan kò kí ẹnìkejì.

Adájọ́ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ gbólóhùn kan, á dúró dìgbà tí adájọ́ bá kọ ọ́ tán. Èyí bá Akínwándé lára mu. Àgékù àpá náà wà lórí tábìlì, wọ́n so bébà pélébé kan mọ́ ọn. Bọ́dúndé dúró sínú àpótí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Aṣọ tó fi sin ìyá rẹ̀ ló wọ̀.

Lọ́yà ìjọba bi Akínwándé bóyá ó mọ igi náà.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Lára pákó tí Bọ́dúndé gbé wá fún pósí ìyá rẹ̀."

"Ṣé àmì yìí wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ó wà."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni àmì náà?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Lọ́yà ìjọba jókòó. Lọ́yà Bọ́dúndé dìde. Kọ́ládé ló gbà á wá láti Èkó. Ó tẹrí ba fún Akínwándé, ó pè é ní bàbá, ó bi í pé ọdún mélòó ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Àádọ́ta."

"Àádọ́ta ọdún! Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ wá sọ fún kóòtù: kí ni àwọn káfíńtà ń ṣe sí àgékù pákó pósí nílùú yín?"

"Wọ́n ń dá a padà fún ọlọ́fọ̀."

"Ṣé káfíńtà tó mọyì ara rẹ̀ lè gbé e pamọ́?"

"Rárá."

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gbé e pamọ́?"

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá bàbá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dáhùn yẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹ̀yin kọ́ lẹ lè ṣe irú ẹ̀. Àgbà tí gbogbo ìlú ń fi òkú wọn lé lọ́wọ́ kò lè ja òkú lólè. Nítorí náà, igi yìí kò lè jẹ́ ti pósí yẹn. Ibòmíràn lẹ ti rí i, ẹ ti gbàgbé ni. Àgbà a máa gbàgbé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá?"

Ó yé Akínwándé. Ọkùnrin yìí ti ṣí ilẹ̀kùn kan fún un, ó sì dì í mú kó má bàa padà dé. Kó ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ á bá a délé. Bọ́dúndé náà á délé. Àwọn ọmọ mẹ́ta á padà síléèwé. Gbogbo wọn ló lè gba ibẹ̀ jáde.

Ó wo ẹ̀yìn kóòtù. Tọ́lá Ọ̀ṣuntókun jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ bébà kan sórí orúnkún. Akínwándé mọ̀ pé bébà tí wọ́n á fi hú ìyá ni. Ó rí ọwọ́ tó na iṣu jáde láti ojú fèrèsé. Ó rí ṣọ́bìrì.

"Mo jí i," ló wí.

Adájọ́ gbójú kúrò lórí ìwé. "Ẹ tún un sọ."

"Mo jí i. Ti òkú ni. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìfági mi ló là."

Adájọ́ ń kọ ọ́, gègé rẹ̀ ń ró lórí ìwé. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Akínwándé rí àwọn ará Ìgbàrà-Odò mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì kejì. Akínwándé ló kan pósí bàbá ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ Akínwándé.

Ojú lọ́yà náà ti yí padà. "Nígbà náà, olè ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olè tó ja òkú!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí kóòtù á fi gba ọ̀rọ̀ olè gbọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí n ní n kò jí i."

Lọ́yà náà ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó jókòó. Ní ẹ̀yìn kóòtù, Tọ́lá ká bébà orúnkún rẹ̀ sí méjì, ó sì tì í sínú báàgì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni adájọ́ dájọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ Moses nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé, tí kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, kóòtù kò mọ ìdí tó fi máa purọ́. Ó ju Bọ́dúndé sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kọ́ládé kò wá. Folúkẹ́ kò pariwo. Ó kàn ń ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Nígbà tí wọ́n ń mú Bọ́dúndé jáde, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ńṣì tí Akínwándé jókòó sí. Wọ́dà jẹ́ kó dúró.

"Bàbá Káfíńtà," ló wí, "ẹ kú iṣẹ́."

Kò pè é ní Bọ̀dá Akin. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé ó kí i ni.

Moses, ẹni tó gé igi, owó ìtanràn ló san. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ nínú igbó.

Ìgbàrà-Odò kò bú Akínwándé. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbé àga àti férémù fèrèsé wá fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kú, Ìkéré ni wọ́n ti ń lọ gbé pósí wá, wọ́n á gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń wí lẹ́yìn òun pé, "Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹ bá fún un ní pákó mẹ́fà, á fi márùn-ún sin yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akínwándé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ìyókù bẹ́ńṣì náà ṣófo títí ìsìn fi parí.

Nígbà tó ṣe, Tọ́lá gbé àgékù náà padà wá fún un. Ó ní kóòtù kò nílò rẹ̀ mọ́, orúkọ Akínwándé ló sì wà lórí ìwé tí wọ́n fi gbà á.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí.

"Má dúpẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi àpò ṣìmẹ́ńtì wé e, ó gbé e lọ sílé Bọ́dúndé. Folúkẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ń din gàrí tà báyìí. Akínwándé gbé igi náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú àpò kúrò lára rẹ̀.

"Mo gbé e wá."

"Kí ni?"

"Ti ìyá."

Folúkẹ́ wò ó. Kò dẹ́kun ẹ̀gẹ́ bíbó. "Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, Bàbá Káfíńtà."

"Mo mọ̀."

"Iná tí mo dá lọ́jọ́ náà kò tó. Mò ń tọrọ igi láti ojúlé dé ojúlé. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ yín."

Akínwándé kò mọ èyí. Ó ti igi náà sún mọ́ ọn. "Fi dáná gàrí," ló wí.

"Èmi?" Obìnrin náà ju ẹ̀gẹ́ sínú agbada. "Kí n fi ohun tó gbé ọkọ mi lọ sẹ́wọ̀n din gàrí fún àwọn ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Ẹ gbé e lọ."

"Jẹ́ kí n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá."

"Ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ níwájú ulé yìí."

Sàréè náà wà níwájú wọn. Ṣìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ mọ́, ó dán, kò sí ibi tó là. Alángbá kan na ara sórí rẹ̀, ó ń yá oòrùn. Akínwándé wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igi náà, ó sì gba ọ̀nà tó gbà wá padà.

Kò gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó gbé e sórí tábìlì, ó kọjú àmì rẹ̀ síta, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Ó wá okùn tuntun, ó fi di ìfági tó là, ó sì gbé ẹsẹ̀ àga tó fẹ́ fá.

Ọ̀gá rẹ̀ ní àgékù pákó pósí kì í sun ṣọ́ọ̀bù. Èyí sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.